Ẹ̀rọ lésà kejì fún ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́: fáíbà ni àbí CO2 mìíràn?

Adé_Afínǹkan (Under G, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Owó kan ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi, mo ní kí n kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ yín.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Under G, kò jìnnà sí LAUTECH. Ẹ̀rọ lésà CO2 (èyí tó ń fi gáàsì ṣe ìtànṣán) 60 wáàtì kan ni mo ní, tábìlì rẹ̀ jẹ́ 600 × 400 mílímítà, kọ̀ńtírólà Ruida (bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ) ló wà lára rẹ̀, sọ́fítíwíà LightBurn ni mo fi ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń wọlé jù ni pálákì ákírílíìkì fún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, férémù pátákó, kí hódà, òǹtẹ̀ rọ́bà, àti fúláàsì tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn lára. Mi ò ní ẹjọ́ kankan bá ẹ̀rọ náà rò.

Ohun méjì ló ń dà mí láàmú. Tí àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde bá ti ń ṣe ayẹyẹ ìdágbére wọn, iṣẹ́ máa ń pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ kan lè gbé. Oníbàárà á dúró títí, inú á bí i, á gba Ìlọrin lọ. Èkejì, àwọn kan máa ń mú bírò irin, ṣéènì ọrùn, ọ̀bẹ, síbí àti aago wá pé kí n bá wọn kọ orúkọ sí i. Ṣe ni mo máa ń dá wọn padà.

₦3.5m ló wà nílẹ̀. Mo ń ro ọ̀kan nínú mẹ́ta: CO2 ńlá 100 wáàtì tí tábìlì rẹ̀ jẹ́ 1300 × 900, fáíbà (lésà tó ń kọ nǹkan sára irin) 20 tàbí 30 wáàtì, tàbí kí n ra dáyóòdù (lésà kékeré) 20 wáàtì méjì, kí n fi èyí tó kù ra bátìrì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá_Sàínéèjì

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Kí n tó dá sí i: nínú iṣẹ́ tí ò ń dá padà, ṣé irin ló pọ̀ jù ni, àbí pátákó tó fẹ̀ ju tábìlì rẹ lọ? Báwo ni iná ṣe ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ yín? Ta ni yóò sì dúró ti ẹ̀rọ kejì náà? Ẹ̀rọ méjì lábẹ́ ọwọ́ ẹnì kan, wàhálà ni.

Ìyá_Bùkún_Sùfẹ́níà (Tákíè)

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Mi ò ní lésà, èmi ni mo máa ń gbé iṣẹ́ fún àwọn tó ní in. Adé, má bínú o, ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi báyìí kì í ṣe ákírílíìkì mọ́. Ẹni tó ń sin ìyá rẹ̀, ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ, ẹni tó pé àádọ́rin ọdún, ohun tí àlejò á máa lò nílé ni wọ́n ń fẹ́: síbí, fúláàsì, abọ́ oúnjẹ sítéńlẹ́ẹ̀sì. Sítíkà tí à ń lẹ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ wá wò ó. Orúkọ olóyè ti bó dànù.

Ìlọrin ni mò ń gbé e lọ fún ẹni tó ní fáíbà. Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀. Tí wọ́n bá tún wá ṣi orúkọ kọ ńkọ́? Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn gbé ọgọ́rùn-ún síbí délé kó bá "Adébáyọ̀" lára rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé "Adébọ́yè" ni ìdílé tó ni òkú ń jẹ́.

Ẹni tó bá ní fáíbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, tí kò sì ní máa sọ fún mi pé "ó di Monday", ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa kó gbogbo ẹ̀ wá.

Adé_Afínǹkan

> ṣé irin ló pọ̀ jù ni, àbí pátákó tó fẹ̀ ju tábìlì rẹ lọ?

Ẹ ṣé, bàbá. Mo gbé ìwé iṣẹ́ mi jáde, mo wo àwọn tí mo fa igi sí. Irin ló pọ̀ jù, kò tiẹ̀ sí èyí tó sún mọ́ ọn. Pátákó ńlá kì í wá déédéé: ṣọ́ọ̀ṣì kan tó fẹ́ ṣe pẹpẹ ìwàásù, àti àwọn onísàìnbọ́ọ̀dù, àwọn yẹn sì máa ń gbà kí n gé e sí méjì kí n so ó pọ̀. Iná máa ń wá, ó máa ń lọ, mi ò lè gbọ́kàn lé e. Jẹnẹrétọ̀ 3.5kVA ni mo ń tàn. Ti ẹni tó máa dúró tì í, ọmọ iṣẹ́ mi ti mọ LightBurn dáadáa.

Mọ́mì Bùkún, mo gbọ́ o. Síbí mélòó ni wọ́n máa ń gbé fún yín lẹ́ẹ̀kan?

Ìyá_Bùkún_Sùfẹ́níà (Tákíè)

Ó lè jẹ́ 50, ó lè jẹ́ 300. Tó bá jẹ́ òkú àgbà tí àwọn ọmọ wà lókè òkun, má wulẹ̀ bi mí.

Ọgá_Wáyà (Ọ̀yọ́)

Ọ̀nà iná ni èmi máa gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí, torí iná ni iṣẹ́ mi.

60 wáàtì tí wọ́n kọ sára CO2 rẹ, agbára ìtànṣán tó ń tú jáde ni, kì í ṣe iná tó ń jẹ. Iná tí túùbù gíláàsì (ibi tí ìtànṣán CO2 ti ń jáde) ń jẹ pọ̀ ju ohun tó ń tú jáde lọ ní ìlọ́po. Wá fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kún un, fi fáànù tó ń fa èéfín kún un (èyí tí wọ́n sábà máa ń kó mọ́ irú tìrẹ, 550 wáàtì ni), fi chiller (ẹ̀rọ tó ń mú omi túùbù tutù) kún un. Tí gbogbo wọn bá jọ dìde, o ti kọjá 1,000 wáàtì dáadáa. Chiller tó bá sì ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, iná tó máa fà nígbà tó bá fẹ́ gbéra máa ń fò sókè ni.

Fáíbà 20 tàbí 30 kò ní túùbù, kò ní omi. Fáànù kékeré ló ń tù ú. Òun àti kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, ká sọ pé 500 wáàtì. Ínfátà tí kò tóbi, bátìrì lithium kan, páńẹ́lì díẹ̀ lórí òrùlé, ó ń bá iṣẹ́ lọ nìyẹn, nígbà tí àwọn tó kù ní ìlà ṣọ́ọ̀bù yín ń fa okùn jẹnẹrétọ̀.

Ṣùgbọ́n tó o bá lọ ra CO2 100 wáàtì, 3.5kVA yẹn kò ní gbé àwọn méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó o ní tẹ́lẹ̀ náà lo ṣì ní. O kàn fi ₦3.5m gba ààyè ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni.

Bàbá_Sàínéèjì

Wáyà, ọ̀rọ̀ rẹ dùn létí, àmọ́ èmi kò tíì gbà. Oúnjẹ tí Adé ń jẹ lónìí, ákírílíìkì àti pátákó ló ń gbé e wá. Fáíbà kò lè gé ìkankan nínú méjèèjì. Túùbù CO2 kì í dágbére fún èèyàn kó tó lọ. O ń gé pálákì lọ́wọ́, o rí i pé kò já ìsàlẹ̀ mọ́, o fi iná kún un, o tún fi kún un, nígbà tó bá di ọjọ́ kejì kò tan mọ́. Ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ nìyẹn, gbogbo ọmọ iléèwé ti san àsansílẹ̀. Ẹ̀rọ méjì tó jọra ni mo ní, ìdí tí mo fi rà wọ́n bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Tí ọ̀kan bá wó, èkejì á máa bá a lọ, fáìlì kan náà ni, sẹ́tìnnì kan náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kó ra túùbù ìpamọ́ o. Gáàsì inú túùbù gíláàsì máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí wọn kò tiẹ̀ tàn án. Tó o bá gbé e sí kọ̀rọ̀ pẹ́ títí, ọjọ́ tó o bá nílò rẹ̀, agbára rẹ̀ ti dín.

Ọmọ_Físíìsì (LAUTECH)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu kan díẹ̀. Ìgùn ìgbì ìtànṣán ló ń ya àwọn ẹ̀rọ yìí sọ́tọ̀, wáàtì kọ́.

Ti CO2 jẹ́ 10,600 nánómítà. Igi, ákírílíìkì, awọ, gíláàsì, rọ́bà, gbogbo wọn ló ń gbé e mì. Irin tí kò ní nǹkan lára máa ń ta á padà ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi lè kọ orúkọ sára fúláàsì tí wọ́n kùn, torí ọ̀dà ni lésà ń ṣí kúrò, kò fọwọ́ kan irin abẹ́ rẹ̀. Ti fáíbà jẹ́ 1,064. Irin ń gba ìyẹn wọlé dáadáa ju ti CO2 lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ń jáde ní ìtasí kéékèèké tó lágbára gan-an, tó fi ń yọ́ ojú irin tàbí kó sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ákírílíìkì tó mọ́ gaara àti gíláàsì, ó kàn ń gba inú wọn kọjá. Dáyóòdù aláwọ̀ búlúù wà ní nǹkan bí 450: ó ń ṣe igi, ó ń ṣe awọ, ó ń gé ákírílíìkì dúdú, àmọ́ ákírílíìkì mímọ́ gaara kò bá a tan.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Adé, dáyóòdù méjì kò yanjú ìkankan nínú ìṣòro yín. Èyí tó jẹ́ 20 wáàtì lè sun àmì dúdú sára sítéńlẹ́ẹ̀sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, kò sì lè gbẹ́ irin wọlé. Ẹ ro 300 síbí.

Ohun kan tún wà. CO2 yín, orí ẹ̀rọ ló ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí tábìlì. Fáíbà, orí rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Dígí kéékèèké méjì tó wà nínú rẹ̀ ló ń yí ìtànṣán káàkiri, wọ́n ń pè é ní galvo. Orúkọ kan lára síbí kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

(Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ọmọ Íńdíà ni Kumar Patel tó kọ́kọ́ ṣe lésà CO2, ní 1964, ní Bell Labs, Amẹ́ríkà.)

Bàbá_Sàínéèjì

O kú ìwé o, Físíìsì.

Ìfín_Ọ̀yọ́ (Akẹ̀sán)

Mo ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Ilé wa, igbá ni à ń fín. Ọ̀bẹ ni bàbá mi ń lò títí dòní, kò sì fẹ́ẹ́ gbọ́ orúkọ lésà sétí. Èmi ń lo CO2 fún ìlà òde: yóò fa àwòrán sára igbá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, èmi á wá fi ọ̀bẹ họ inú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi dá sí i ni pé igbá kọ́ mi lọ́gbọ́n kan tó lè fún Adé ní owó kó tó ra ẹ̀rọ kankan. Léńsì íǹṣì méjì tó máa ń bá ẹ̀rọ wá, ibi tó ti mú dáadáa kò ju mílímítà méjì sí mẹ́ta lọ sókè sódò. Ẹ̀yìn igbá sì yọ gọnbu. Tí lésà bá ti ṣí kúrò ní góńgó orí igbá, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, á máa dúdú rúrúrú. Mo ra léńsì íǹṣì mẹ́rin. Ìlà rẹ̀ kò tín-ín-rín tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bá mi yí ẹ̀yìn igbá ká kó tó bà jẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́ ń fi orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí igbá ìyàwó báyìí, owó rẹ̀ sì dára ju kí hódà lọ.

Bàbá mi ní igbá tí lésà fín kò ní ojú. Ẹni tó bá mọ igbá, ọ̀bẹ ló máa sanwó fún. Òótọ́ ni, ẹni tó mọ igbá ló kàn ṣọ̀wọ́n.

Adé_Afínǹkan

Ọ̀gbẹ́ni Ìfín, ẹ ṣé gan-an ni. Léńsì yẹn wọ̀ mí lójú, màá bi yín ní ìbéèrè nípa rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká parí ti irin ná.

Ọgá_Wáyà (Ọ̀yọ́)

Bàbá Sàínéèjì, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kí n bi Adé léèrè. Adé, chiller wo lo ń lò?

Adé_Afínǹkan

CW-3000. Òun ló bá ẹ̀rọ wá.

Ọgá_Wáyà (Ọ̀yọ́)

Ó tán. Ìyẹn kì í ṣe chiller, orúkọ lásán ni wọ́n fún un. Kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Fáànù àti réńdíétọ̀ ló wà nínú rẹ̀, omi inú rẹ̀ kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ láéláé. Omi túùbù CO2 yẹ kó wà láàárín 15 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní March, abẹ́ páànù ní Under G, ooru ọ̀sán nìkan ti kọjá 30. Ṣe lò ń se túùbù yẹn lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ ń lọ, o wá rò pé ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló dé.

Torí náà, bàbá, ìbẹ̀rù yín tọ̀nà, àtúnṣe rẹ̀ ni kì í ṣe CO2 kejì. Kó yọ lára owó yìí ra CW-5000, èyí tó ń mú omi tutù ní tòótọ́, kó fi sí ara ẹ̀rọ tó ní. Kó wo áàtì (wáyà ilẹ̀) ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú, torí iná tó ń tan túùbù yẹn lè tó 20,000 fóólùtì, tí kò bá sì rí ilẹ̀ lọ, ara kọ̀ńtírólà ló máa lọ tàbí ara ẹni tó fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ. Ọ̀pá kọ́pà tó wọlẹ̀ dáadáa, ibi tí ilẹ̀ ń tutù, kì í ṣe ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri.

Tó bá di ìgbà òjò, má wá fi chiller sí 15 o. Afẹ́fẹ́ á ti rin, ìrì á sẹ̀ sára túùbù, iná ńlá á gba ibẹ̀ fò. 20 sí 22 ti tó.

Bàbá_Sàínéèjì

CW-3000? Adé, o kò sọ ìyẹn fún wa látòkè.

Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé o máa tún ti àkọ́kọ́ ṣe bí Wáyà ṣe wí, mo gbà pé kó jẹ́ fáíbà. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń sọ ọ́: lọ́jọ́ tí túùbù bá kú, ọ̀rẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí o lè gbé fáìlì rẹ lọ bá. Bẹ̀rẹ̀ ọ̀rẹ́ náà nísinsìnyí.

Jùmọ̀kẹ́_Aláwọ (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ìjíròrò. Báàgì àti pọ́ọ̀sì ni mò ń rán. Bọ̀ọ̀dá Adé, tí ẹ bá ti ní ẹ̀rọ méjì, ohun tí àwọn èèyàn máa gbé wá á pọ̀ sí i, ẹ ṣọ́ra fún ohun tó dà bí awọ tí kì í ṣe awọ. Rẹ́síìnì púpọ̀ jẹ́ PVC (rọ́bà tó ní kùlọ́ríìnì nínú). Tí lésà bá sun ún, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń dípẹtà sára gbogbo irin inú ẹ̀rọ, títí kan réèlì àti dígí.

Bí mo ṣe ń dán an wò nìyí, ní ìta ni mo ti ń ṣe é: mo mú wáyà kọ́pà kékeré tí mo ti bó èèpo rẹ̀, mo fi ẹ̀mú dì í mú, mo kì í sínú iná gáàsì títí ó fi pọ́n. Màá fi orí rẹ̀ tó gbóná tẹ rẹ́síìnì náà kí díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, màá wá dá a padà sínú iná. Tí iná bá yọ àwọ̀ ewé rokoṣo, kùlọ́ríìnì wà nínú rẹ̀. Mo ń dá a padà fún ẹni tó ni ín nìyẹn, iyekíye tó bá fẹ́ san.

Fún awọ gidi, CO2 ni kí ẹ lò. Fáíbà kò bá a mu.

Adé_Afínǹkan

Àǹtí Jùmọ̀kẹ́, ẹ ṣé o, mi ò gbọ́ ti wáyà kọ́pà yẹn rí.

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti ń tò. Fáíbà ni, kí n sì yọ owó chiller sọ́tọ̀. Ìbéèrè tó kù: 20 ni àbí 30? Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ń sọ pé kí n mú MOPA torí pé ó ń yọ àwọ̀ lára sítéńlẹ́ẹ̀sì. Léńsì wo? Ṣé kí n ra rótárì (ohun tó ń yí nǹkan róbótó lábẹ́ lésà) mọ́ ọn?

Ọmọ_Físíìsì (LAUTECH)

Ẹ̀gbọ́n, MOPA ń jẹ́ kí èèyàn lè yí gígùn ìtasí kọ̀ọ̀kan padà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó lè mú àwọ̀ jáde lára sítéńlẹ́ẹ̀sì, kó sì kọ dúdú kirikiri sára alumíníọ̀mù tí wọ́n fún ní àwọ̀, bíi ẹ̀yìn fóònù. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọ̀ yẹn máa ń yí tí irin bá yàtọ̀ tàbí tí ojú léńsì bá sún díẹ̀, ó sì ń jẹ àkókò. Fún orúkọ lára síbí, ẹ kò nílò rẹ̀. Owó tí ẹ máa fi lé e, ẹ fi ra chiller.

Láàárín 20 àti 30, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. 30 á yá díẹ̀ sí i, á sì gbẹ́ wọlé díẹ̀ sí i. Tí owó bá gbà á, 30. Tí kò bá gbà á, ẹ má sunkún. Kọ́pà, idẹ àti fàdákà tó ń dán máa ń ta ìtànṣán padà sínú orísun rẹ̀, kí ẹ má gbé wọn sábẹ́ léńsì gbọọrọ tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ wọn jinlẹ̀, ẹ yẹ̀ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀.

Léńsì: ti 110 × 110 mílímítà (ìwọ̀n ààyè tó lè kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan) máa ń ní ojú tó mú dáadáa, ó tó fún ṣéènì, bírò àti síbí kan lẹ́ẹ̀kan. Ti 175 × 175 á jẹ́ kí ẹ to síbí púpọ̀ sílẹ̀ kí ẹ kọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀ torí ojú ìtànṣán tóbi. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ Mọ́mì Bùkún lẹ ń wò, 175 ni. Ẹ fi pátákó gé àpótí ìtósíbí lórí CO2 yín, kí síbí máa jókòó sí ojú kan náà nígbà gbogbo.

Rótárì, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí fúláàsì.

Nípa kọ̀ǹpútà: sọ́fítíwíà EZCAD2 ló máa ń bá wọn wá. LightBurn náà ń darí galvo tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá jẹ́ irú ti EZCAD2, ṣùgbọ́n ẹ wo láísẹ́ǹsì yín, èyí tí ẹ rà fún Ruida nígbà kan lè má kó galvo mọ́ra.

Ìyá_Bùkún_Sùfẹ́níà (Tákíè)

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ kọ̀ǹpútà, kí ló ń fa àmì orí orúkọ tó ń sọnù yẹn? Kì í ṣe torí pé wọn ò mọ̀wé nìkan. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó dé ara síbí tán, "Ọ" ti di "O" lásán, tàbí kí àmì ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà.

Ọmọ_Físíìsì (LAUTECH)

Mọ́mì, fóǹtì ni. Fóǹtì ológe púpọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń lò kò ní ẹ, ọ àti ṣ nínú, ká má wá sọ àmì ohùn tó gorí wọn. Kọ̀ǹpútà á wá yá lẹ́tà náà lára fóǹtì mìíràn, tàbí kó jù ú nù. Ẹni tó bá tún tẹ ọ̀rọ̀ náà tààrà sínú EZCAD, ó ti wá wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ tẹ orúkọ nínú CorelDRAW tàbí Inkscape pẹ̀lú fóǹtì tó mọ Yorùbá, bíi Noto Sans tàbí Charis SIL. Tó bá ti jókòó dáadáa lójú yín, ẹ sọ ọ́ di ìlà kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́, kí ẹ tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ. Ìlà kò lè sọ àmì nù. Kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún oníbàárà kó fọwọ́ sí i kí ẹ tó fọwọ́ kan síbí àkọ́kọ́.

Ìyá_Bùkún_Sùfẹ́níà (Tákíè)

Ọlọ́run á jẹ́ kí o jáde pẹ̀lú èsì rere.

Bàbá_Sàínéèjì

Ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ojú.

Adé, ọmọde Under G kún ẹnu ọ̀nà rẹ tí wọ́n ń wo iṣẹ́, mo mọ ibẹ̀. CO2 rẹ ní ìdérí ákírílíìkì, ìtànṣán rẹ̀ kò lè gba inú ìyẹn kọjá, ó sì ń jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀. Fáíbà yàtọ̀. Físíìsì ti sọ ọ́ lókè pé ákírílíìkì mímọ́ gaara kò dí i lọ́wọ́. Ojú kì í rí ìtànṣán náà, àmọ́ ó ń wọ ẹyinjú lọ tààrà títí dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó bá sì jó níbẹ̀ kò ní oògùn. Èyí tó ta padà lára síbí tó ń dán náà lè ṣe é. Gíláàsì ojú tó o ń lò fún CO2, má wọ̀ ọ́ dúró níwájú fáíbà. Ra èyí tí wọ́n kọ 1064 sí lára, pẹ̀lú OD rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe ń dí ìtànṣán tó). Ra méjì, ti ọmọ iṣẹ́ rẹ ńkọ́? Tí o bá sì rí èyí tó wà nínú àpótí tó ní ìlẹ̀kùn, kó o mú un, bó tiẹ̀ gbówó lórí díẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ṣí sílẹ̀ ni, yí tábìlì náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ògiri, kí o fi irin tàbí pátákó dí i.

Kí fáànù máa fa èéfín irin jáde pẹ̀lú. Kì í rùn bíi ti ákírílíìkì, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn kà á sí.

Ọgá_Wáyà (Ọ̀yọ́)

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo mọ ẹnì kan tó ń fi gíláàsì òòrùn ṣiṣẹ́ fáíbà. Mo bá a jà títí ó rẹ̀ mí.

Adé_Afínǹkan

Mo ti pinnu. Fáíbà 30 wáàtì tí kì í ṣe MOPA, inú àpótí, léńsì 175, pẹ̀lú rótárì. CW-5000 fún CO2. Gíláàsì ojú méjì. Tí gbogbo rẹ̀ bá ta kọjá ₦3.5m, màá sọ̀kalẹ̀ sí 20, ṣùgbọ́n mi ò ní yọ chiller àti gíláàsì kúrò. Ínfátà á dúró di sáà tó ń bọ̀. Jẹnẹrétọ̀ á gbé fáíbà àti CO2 pọ̀ ná.

Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á kí n tó sanwó?

Bàbá_Sàínéèjì

Gbé síbí tìrẹ lọ, èyí tí Ìyá Bùkún ń rà gan-an, kó kọ orúkọ sí i níṣojú rẹ. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà jìn, kó ṣe fídíò rẹ̀, láti ìgbà tó bá tẹ bọ́tìnnì títí tó fi parí, láìgé e. Ojú irin tó ti kọ sí i kí dúdú rẹ̀ dọ́gba láti àárín dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí igun bá ṣá, léńsì tàbí ìtò rẹ̀ kò pé. Ní kó ya àwòrán nọ́ńbà tó wà lára orísun lésà, kó o fi wé ohun tó wà nínú ìwé tó fún ọ. Kó sọ ọ́ lórí ìwé pé bọ́ọ̀dù rẹ̀ ń bá EZCAD2 ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe orísun náà sábà máa ń kọ 100,000 wákàtí sí i. Má jẹ́ kí ìyẹn jọ ọ́ lójú. Kó sọ oṣù mélòó ni òun fi dúró lé e, àti ta ló máa tún un ṣe, níbo.

Ìfín_Ọ̀yọ́ (Akẹ̀sán)

Kó sì fi nọ́ńbà ẹnì kan tó ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ká pè é.

Tòkunbọ̀_Oníférémù

Ẹ kú iṣẹ́ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ férémù ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní fáíbà 20 wáàtì ni wọ́n ń lò jù báyìí. Ṣé ó lè gé ákírílíìkì mílímítà mẹ́ta?

Ọmọ_Físíìsì (LAUTECH)

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Férémù? CO2 ni tiyín. Ẹ ka ohun tí mo kọ lókè nípa ìgùn ìgbì, kí ẹ wá ka ti Ọgá Wáyà nípa chiller kí ẹ tó sanwó.